Obìnrin Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àwọn Ọmọ Ẹja

Obìnrin kan wà tí ó ń sin ẹja nínú ilé. Kì í ṣe ẹja jíjẹ. Ẹja wíwò ni, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń tọ́jú sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn. Òun ni ìyáálé nílé ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Abọ́sẹ̀dé, ìyẹn sì ti lọ sílé ọkọ ní Òṣogbo. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ, àwọn ẹja yìí ni obìnrin náà ń jí kí láàárọ̀.

Ó ní akọ kan àti abo kan, funfun, pẹlẹbẹ, tí ìlà dúdú gba ara wọn kọjá. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń retí ọmọ lára wọn. Wọ́n á yé ẹyin sára ewé, ẹyin náà á funfun, á bàjẹ́. Ní ọdún kẹta ni wọ́n tó pa ọmọ. Ọmọ náà tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, wọ́n sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Obìnrin náà wò wọ́n títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ wọn. Á ra edé tútù, á bó èèpo rẹ̀, á bọ̀ ọ́. Á se ẹyin adìyẹ, á yọ pupa inú rẹ̀ nìkan. Á fi omi gbígbóná pa ewé tẹ̀tẹ̀ díẹ̀. Á lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìfi iyọ̀ sí i, á sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ó lè kúnná tó ẹnu ọmọ kékeré. Á dà á sínú ọ̀rá, á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ìwé, á tẹ́ ẹ sínú fìríìsà. Nígbà tí ó bá dì, á dá a bí ẹni dá bisikíìtì, ìwọ̀n èékánná ìka kékeré lẹ́ẹ̀kan. Á jẹ́ kí ó yọ́ nínú ife, á wá fi ìdí ṣíbí kán an sínú omi díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọn kò bá jẹ, á fi rọ́bà fà á jáde kíákíá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni lójúmọ́. Mo ń sọ gbogbo èyí kí o lè mọ̀, Oyèkúnlé, pé obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpònú. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní orogún. Ọdún tí ó ṣáájú ni ọkọ wọn gbé ìyàwó náà wọlé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti ẹ̀bá òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sórí omi. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rẹ́ ìyáálé kan wá kí i lọ́jọ́ kan, ó wo ìyàwó náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ó ti ń gbé omi kọjá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ṣé o kíyè sí i pé ẹyin tí ẹja rẹ yé lẹ́yìn tí eléyìí dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó bàjẹ́? Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ìfura loògùn àgbà.”

Ẹyin náà ti ń bàjẹ́ fún ọdún méjì kí ìyàwó tó dé. Ìyáálé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò rántí rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé oògùn ni ìfura. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ alẹ́, oògùn náà ni yóò pa á.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń fún àwọn ọmọ ẹja lóúnjẹ ní pálọ̀, ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fún wọn. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù sílẹ̀, omi máa ń bínú. Bí omi bá sì bínú, kì í dá ọmọdé sí.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní etí òkun nìyẹn. Ìkìlọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ìyáálé gbọ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn: omi máa ń bínú, kì í dá ọmọdé sí. Ó ní ẹni tí ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ẹja kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣí fìríìsà inú ilé ìdáná, ó wo ọ̀rá oúnjẹ náà, ó sì dà bí ẹni pé kókó tí òun ta sí ẹnu ọ̀rá náà kọ́ nìyẹn. Ó kó gbogbo oúnjẹ náà, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó ra fìríìsà kékeré kan sí ìdí ibùsùn rẹ̀. Ó pe kápẹ́ńtà, ó ní kí ó pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn. Ó so kọ́kọ́rọ́ tuntun náà mọ́ ọrùn. Láti ìgbà náà, kí ó tó fún ẹja lóúnjẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Á fi díẹ̀ sórí ahọ́n, á jókòó, á máa dúró de ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí inú òun.

Bí ó bá gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyàwó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dáwọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe dúró. Ìgbálẹ̀ á máa bọ̀, á máa bọ̀. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tí ó dákẹ́, èémí obìnrin náà á dákẹ́ pẹ̀lú. Ìyàwó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò rí i. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò lè lọ sí ọjà kí ó pẹ́. Kò lè jókòó parí ìsìn. Àwọn ọmọ ẹja ń dàgbà, òun ń rù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni ọkọ Abọ́sẹ̀dé pè láti Òṣogbo. Ó ní, “Ìyá, ẹ máa bọ̀ o. Ó ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò sọ̀. Àwọn dókítà ní àwọn yóò là á.”

Obìnrin náà kígbe. Ó kó aṣọ mẹ́ta sínú báàgì. Ọkọ wọn kò sí nílé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe, ó wà ní Àkúrẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Ìyàwó sáré jáde láti ilé ìdáná, ó bá a gbé báàgì. Ó ní, “Ọlọ́run á gbọ́ tiwa, mà. Ṣé kí n máa bá yín fún àwọn ẹja yẹn lóúnjẹ? Ẹ ṣá sọ bó ṣe tó fún mi.”

Ìyáálé wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Má ṣèyọnu. Mo ti ṣètò wọn.”

Kò tíì ṣètò kankan. Ó padà sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó dúró síwájú àpótí. Bí ó bá lọ láìfún wọn, ebi á pa wọ́n. Bí ó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, orogún á pa wọ́n. Ohun méjèèjì yìí nìkan ni ó rí. Ó wá ṣí fìríìsà, ó mú ọ̀rá oúnjẹ kan tí ó kún, ó ya ọ̀rá náà kúrò. Oúnjẹ náà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dì gbagidi. Ó ní yìnyín ṣáà ni, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́ títí òun yóò fi dé. Ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti ń sin ẹja, ó ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé e sínú omi lódindi. Àwọn ọmọ ẹja sáré lọ bá a. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ.

Ooru wa kì í bọ̀wọ̀ fún yìnyín. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kúrò ní gáréèjì, gbogbo rẹ̀ ti yọ́.

Ní Òṣogbo, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Abọ́sẹ̀dé. Ìyá yè, ọmọ yè. Obìnrin náà dúpẹ́, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ ìyàwó ni ó rí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Ó ti ṣe é. Ó fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún mi, kí ó lè gbọ́ bí n ó ṣe sunkún.” Kò gbé e. Fóònù náà tún dún. Kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ó dún kí oòrùn tó kan àtàrí.

Abọ́sẹ̀dé gbé orí sókè lórí ibùsùn. Ó ní, “Mọ́mì, ta ni ó ń pè yín báyìí? Ẹ gbé e nísinsìnyí.”

“Kò sẹ́nì kan.”

Ó pa fóònù. Ṣùgbọ́n kò rí ọkàn rẹ̀ pa. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbọ́ igbe rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó padà délé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tí ó rí mú kí báàgì bọ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó dúró lórí odó tí ó dojú dé lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ó ti ki apá méjèèjì bọ àárín irin fèrèsé. Rọ́bà omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rọ́bà náà sì wà nínú àpótí ẹja.

Gbogbo ohun tí obìnrin náà ti ń bẹ̀rù, ó wá rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó kígbe. “Ẹ gbà mí o! Ọwọ́ mi ti bà á o! Ẹ wá wo ẹni tí ó ń da májèlé sílé mi!”

Àwọn ará àdúgbò tú jáde. Ìyàwó bẹ́ sílẹ̀ lórí odó. Ó ní, “Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn! Ẹ má fa rọ́bà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn!”

Ìyáálé ti fa rọ́bà náà yọ. Ó fi ẹsẹ̀ ta garawa tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Omi inú rẹ̀ dànù, omi kànga tí ó mọ́ gaara. Kò wò ó. Ó gbá ìyàwó létí. Àwọn èèyàn ń wo ìyàwó náà bí a ti ń wo ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń wá òkúta. Ìyá arúgbó kan ní ilé kejì ni ó fà á lọ́wọ́ wọnú ilé tirẹ̀.

Nígbà náà ni ìyáálé tó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó fi etí ìborùn bo imú. Omi inú àpótí funfun bí omi ògì. Òkú àwọn ọmọ ẹja bo ojú omi, wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Akọ àti abo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu ohun tí ó wà nísàlẹ̀ jáde. Ó ń yọ̀, ó ti hu. Edé ni. Pupa ẹyin ni. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ já ni. Ẹnikẹ́ni kò wọ yàrá náà láti ọjọ́ Ajé. Òun nìkan ni.

Ní igun kan, lábẹ́ fèrèsé gan-an, omi náà mọ́ díẹ̀. Nǹkan bí ogún ọmọ ẹja ṣì wà láàyè níbẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gbé ẹnu sí ojú omi, wọ́n ń ya ẹnu. Ibi tí rọ́bà wà nìyẹn kí ó tó fà á yọ.

Ó yé e. Ó jókòó sí etí ibùsùn.

Ohun tí ó kàn ni kí ó sáré lọ pe ìyàwó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níta. Wọ́n ń sọ pé, “Ẹ wá wo ìkà. Ọmọ kékeré yìí!” Ẹ̀rù mìíràn wá mú un, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí òun bá pè é, wọ́n á mọ̀ pé òun ni. Ojú wo ni òun yóò fi wò wọ́n lọ́la? Ó jókòó. Ogún di mẹ́rìnlá níṣojú rẹ̀. Mẹ́rìnlá di mẹ́wàá. Ọ̀kan á dẹnu dúró, á yí ikùn sókè, á rọra lọ bá àwọn yòókù. Kò sí ẹni tí ó rí i. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Bí ó bá jókòó díẹ̀ sí i, gbogbo wọn á tán, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti ìyàwó títí láé.

Mi ò mọ ohun tí ó gbé e dìde. Òun náà kò lè sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo bi í. Ó ní òun ṣáà rí i pé òun ti wà níta láìwọ bàtà. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó náà, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni.”

Ìyá arúgbó ní, “Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo pa wọ́n. Ọwọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Díẹ̀ ṣì kù.”

Ìyàwó jáde. Ojú ìka mẹ́rin ṣì hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó mú rọ́bà nílẹ̀, ó ṣan án, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ẹnu fa omi burúkú náà, ó tu ú dànù, ó tún fà á. Ìyáálé ń pọn omi láti kànga. Wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Márùn-ún ni ó kù nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, méjì ni. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú méjèèjì wọ́, kò sì tọ́ mọ́ títí tí ó fi dàgbà.

Ìyáálé bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Kí ló dé tí o fi ṣe wàhálà tó báyìí lórí ohun tí kì í ṣe tìrẹ?”

Ìyàwó ní, “Mo gbọ́ òórùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo pe Bàbá Abọ́sẹ̀dé, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín, pé àwọn ò fẹ́ ariwo. Wọn ò dárúkọ fèrèsé.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi dúró lórí odó náà, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fi rọ́bà fa omi burúkú jáde, tí ó ń bu omi kànga sí i.

Oyèkúnlé, ìwọ kì í sin ẹja. Ọmọ mẹ́ta ni o ní. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó rẹ, ẹnì kan ti sọ fún ọ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n mọ ohun tí ó pa á, pé wọ́n á wá mú àwọn ọmọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni náà. Láràárọ̀, o ń gbé ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀ fún wọn, o ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta, o ń lọ síbi iṣẹ́. Èyí àgbà kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Sítóòfù wà nínú ilé náà. Kẹrosíìnì wà lábẹ́ tábìlì. Bí àwọn ará ilé bá pè ọ́, o kì í gbé e, nítorí pé ẹ̀rù ohun tí o lè gbọ́ ń bà ọ́.

Mi ò sọ fún ọ pé kò sí èèyàn burúkú láyé. Wọ́n pọ̀. Bí o bá ní kí n búra lórí ọkàn ẹnikẹ́ni, mi ò ní í búra. Ṣùgbọ́n ohun tí o mọ̀ dájú ni mo ń bi ọ́. Nígbà tí o bá ti ilẹ̀kùn yẹn tán, kí ni ó kù pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ilé, ta ni ó sì gbé e síbẹ̀? Bí ewu bá sì ṣẹlẹ̀, ta ni ìwọ yóò kọ́kọ́ nàka sí? Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ òfo dúró lójú fèrèsé ni.

Ìyá ìyàwó rẹ wá bá mi kí o tó dé. Kò sunkún, kò sì ro ẹjọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí n bá òun bi ọ́, pé èyí kékeré, tí kò tíì lè jẹ oúnjẹ líle nígbà tí òun rí i kẹ́yìn, kí ni ó ń jẹ báyìí? Mo ní mi ò mọ̀, pé kí ó fúnra rẹ̀ bi ọ́. Ó wà lórí àga níta yẹn, ó ti lé ní wákàtí kan. Dìde, lọ dá a lóhùn.